Fìlà Pupa Orí Àtàndá

Kí Àtàndá tó di akódà kóòtù l'Ẹ́dẹ, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn lọ́nà Sekona, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, kò rí ẹni fẹjọ́ sùn. Ọjọ́ tí ìjọba fún un ní fìlà pupa ni ọrùn rẹ̀ le.

Samuel, akọ̀wé kóòtù tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ló wá da ọ̀rọ̀ rú pátápátá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Àtàndá fi ọdún mẹ́wàá jù ni. Ó ní bí ẹnìkan bá di aláṣẹ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó, "bíìgì-wíìgì" ni wọ́n ń pè é, nítorí irun èké ràbàtà tí àwọn adájọ́ wọn ń dé sórí. Àtàndá bá gbà pé ohun tó bá wà lórí èèyàn ni àṣẹ. Ó ń dé fìlà jẹun, ó ń dé e sùn. Kò dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kankan mọ́, àfi kó kàn mi orí. Ẹ ò rí ayé!

Bẹ́ẹ̀ Àwáwù ló fẹ́ fẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Ọdún méjì gbáko ló ti bá bàbá ọmọbìnrin náà kọ ebè kí fìlà tó dé. Lọ́jọ́ ìdána, gbogbo ẹbí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Àwáwù. Ọkọ ìyàwó dúró gangan. Afọlábí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fà á láṣọ títí, Àtàndá ní orí tó dé fìlà ìjọba kì í kanlẹ̀. Inú bí Bàbá Àwáwù.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Samuel ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Bí Àtàndá ti rí i, ó ṣí fìlà, ó dì í mọ́ àyà, ó sì nà sínú erùpẹ̀. Samuel kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Bàbá Àwáwù jẹ́ kó gbọn erùpẹ̀ tán.

"Àtàndá, a ti rí i pé o mọ ìdọ̀bálẹ̀. Lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ẹni tí o dọ̀bálẹ̀ fún."

Wọ́n dá iṣu àti obì padà.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí Samuel gba fìlà náà, ó dé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀. Àtàndá padà sídìí ẹ̀gẹ́. Iwájú ilé Bàbá Àwáwù ni ọ̀nà oko rẹ̀ gbà, láràárọ̀ ló sì ń dọ̀bálẹ̀ kí i níbẹ̀. Bàbá a máa dá a lóhùn dáadáa. Àwáwù ti wà nílé ọkọ ní Awo.