Ọjọ́ Tí Ìlù Ńlá Kúdẹtì Gbé Ohùn Rẹ̀ Mì

Ohùn tí mò ń retí ni "gbìì". Èyí tí mo gbọ́ ni "bù". Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di. Délé, onílù báńdì Kúdẹtì, tún gbé ọ̀pá sókè, ó tún fi lu ìlù ńlá tó gbé kọ́ àyà, ó sì tún dún "bù", bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ gbá ìrọ̀rí. Gbogbo èrò tó wà ní pápá Màpó lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará Kúdẹtì kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n ń wẹ̀yìn, wọ́n ń wá mi.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Làmídì dà? Làmídì oníṣẹ́ awọ dà?"

Èmi ni Làmídì. Èmi ni mo fi awọ tuntun bo ìlù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì sì ni mí, bẹ́ẹ̀ Kúdẹtì ló ni ìlù. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn ayé ìgbà náà, kí òmìnira tó dé, yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Èmi kì í ṣe onílù o. Títí dòní, bí ẹ bá gbé ìlù fún mi, ẹ ó sá. Iṣẹ́ awọ ni mo kọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àkànní, ní ìdí òkè Màpó, lọ́nà Ọjà'ba. Tìmùtìmù, bàtà, àkọ̀ ọ̀bẹ, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Nígbà tó wá di pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń dá báńdì tirẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun, tí wọ́n ń to ẹsẹ̀ bíi ṣọ́jà pẹ̀lú fèrè idẹ àti ìlù òyìnbó, awọ ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í ya, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ọ̀gá mi ló gba iṣẹ́ Kúdẹtì. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó fẹ̀yìn tì sílé, ó fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi kún un: "Làmídì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá ará ilé rẹ̀, kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀." Ká ní kò sọ ọ́ pàápàá, mo ti ń ṣọ́ ọ. Ìyá mi máa ń sọ pé bí mo ṣe dáyé ni mo ti ń wo agbẹ̀bí lójú bóyá ó fẹ́ jí ìdodo mi lọ.

Ìlù ńlá ní ojú méjì. Awọ ọmọ màlúù la fi ń bò ó. A ó rẹ awọ sómi títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ, a ó ká etí rẹ̀ mọ́ òrùka igi, a ó gbé òrùka náà sórí ìlù, a ó fi okùn fà á. Ibòji ló gbọ́dọ̀ gbẹ sí, torí bí oòrùn bá pa á, yóò ya. Bó bá ti gbẹ tán, omi ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Bí omi bá kàn án, yóò dẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò lọ. Bàbá Àkànní ní awọ ò gbàgbé pé ara ẹran lòun ti wá, pé bó bá ti rómi, ó tún fẹ́ padà di ara.

Ìdíje àkọ́kọ́ lọ́dún, nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé, ni àwọn òǹwòran fẹ́ràn jù. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà ọdún Kérésì, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni aṣọ máa ń ṣí lójú eégún: ẹ ó rí ta ló ra fèrè tuntun, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ara mu, ta ló jí orin ta lò. Nítorí náà, kó tó di ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gba ẹnìkejì gbọ́. Báńdì a máa fi aṣọ bo ìlù kọjá lójú títì, kí ojú ọ̀tá má bàa bà á. Bí Kúdẹtì bá ń dánra wò, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì kan á wà lẹ́yìn ògiri, á ní ewúrẹ́ òun ló sọnù tí òun ń wá. Ewúrẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì a máa sọnù ní Kúdẹtì gan-an lákòókò yẹn.

Àwọn ará ilé wa fúnra wọn ò gbé ìlù tiwọn fún mi. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ti kan ìlù Kúdẹtì kò ní kan tàwọn. Ràfíù ni wọ́n ń gbé e fún, oníṣẹ́ awọ bíi tèmi, tó ń gbé ní Bẹ́yẹrúńká. Èmi àti Ràfíù kì í kíra. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ ìdíje yẹn, ó ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ó dúró, ó ní, "Làmídì, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo dáhùn, àmọ́ ìkíni náà ò dà nínú mi. Nígbà tí ìlù dún "bù" ní Màpó, òun ni mo kọ́kọ́ fi ojú wá. Ó dúró lábẹ́ igi, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tó kù. Mo ní ní ọkàn mi pé, ìwọ náà rèé.

Kí n tó yọ́ kúrò níbẹ̀, Ìyá Délé ti bá mi. Òun ni ọ̀gá àwọn alátìlẹ́yìn báńdì Kúdẹtì. Iyọ̀ àti ọṣẹ ló ń tà ní Oríta-mẹ́rin, Aládùúrà tó gbóná ni, ọmọ rẹ̀ ló sì ń lu ìlù ńlá. Bó bá sọ̀rọ̀ ní Màpó, ẹ ó gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ.

"Ìwọ Làmídì, kí ni àwọn èèyàn rẹ ṣèlérí fún ẹ?"

"Màmá, kò sí nǹkan kan. Ìlù ń dún nígbà tí mo gbé e fún yín. Ẹ̀yin àti Tíṣà báńdì yín lẹ jọ gbọ́ ọ."

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Àwọn tó yí i ká ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bóyá ọ̀rinrin òjò ni. Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí báńdì Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì jáde, tí ìlù ńlá tiwọn náà dún bí ẹni tó ń wúkọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ọ̀rọ̀ òjò ti gbè mí. Àfi bí báńdì Bẹẹrẹ ṣe jáde. Ìlù tiwọn ti gbó, awọ rẹ̀ kún fún àlẹ̀, fúnra wọn ni wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n lù ú, ó dún "gbìì" débi pé ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Wọ́n gba ipò kìíní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Kúdẹtì àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì, tí kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, fohùn ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní èmi àti Ràfíù la jọ gbìmọ̀ pọ̀, pé a ba ìlù jẹ́ kí iṣẹ́ lè máa wá. Tíṣà tó ń darí báńdì Kúdẹtì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Gbé ìlù yìí lọ, yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí o bá kí Jímọ̀ tán, wá sọ ohun tó ṣe é fún wa. Bí o ò bá rí nǹkan kan sọ, a ó ránṣẹ́ sí gbogbo báńdì ìlú pé kí wọ́n má gbé ìlù fún ẹ mọ́. Má bínú o."

Mo bínú. Ìlù báńdì ló ń bọ́ mi nígbà náà, bàtà ò tà mọ́. Orúkọ Bàbá Àkànní ni wọ́n sì fi ń pe ìsọ̀ náà. Àgbà tó fi ojú rẹ̀ ṣòfò sórí abẹ́rẹ́, kí n wá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ìlù sílẹ̀ nínú ìsọ̀, mò ń wò ó, kò sí ojú ọ̀bẹ, okùn kò tú. Bí mo ṣe gbójú sókè, Ràfíù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rọra fi ẹsẹ̀ ti ọ̀bẹ mi sábẹ́ ẹní.

Mo ní, "Kí lo wá wò?"

"Ohun tí ìwọ náà ń wò."

Ó wọlé láìjẹ́ pé mo ní kó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú lé awọ náà, ó sì fà á sínú. Ó ní, "Làmídì, awọ yìí ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Lọ́fíńdà ni, irú èyí tí àwọn Aládùúrà ń pò mọ́ omi àdúrà, pẹ̀lú òróró lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìlù lọ sí ojú ìmọ́lẹ̀. Láàárín awọ gan-an, mo rí àmì àgbélébùú tí wọ́n fi ìka òróró fà, wẹ́rẹ́ báyìí.

Ràfíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Tìrẹ ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì, tèmi ń rùn bí ilé kéwú. Àwọn bàbá ilé yín fọ wàláà, wọ́n da hàntú rẹ̀ sára ìlù. Wọ́n ní kó mu ún yó."

Ẹ̀rín gbé mi, mo pa á mọ́ra. Omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára pátákó ni hàntú; èèyàn ló ń mu ún fún ìbùkún, mi ò tíì gbọ́ pé ìlù ń mu ún. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Kí ló dé tí o fi wá sọ fún mi? O lè dákẹ́, kí o gba iṣẹ́ mi."

"Wọ́n ní a jọ gbìmọ̀ ni. Bí tìrẹ bá bàjẹ́, tèmi bá a lọ."

Ìyẹn ni mo gbà gbọ́. Ká ní ó sọ pé ìfẹ́ mi ló gbé òun wá ni, ǹ bá lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi tó le. Délé ló gbé ìlù sùn nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ta òróró sí i ju ìyá rẹ̀ lọ. Gbogbo Oríta-mẹ́rin ló mọ̀ pé nínú àwọn ọmọ tó bí, Délé nìkan ló kù fún un, àti pé kò sí ohun tí ọmọ náà ń lò tí kò gbàdúrà lé lórí, dórí bàtà rẹ̀. Bí èmi ọmọ Mùsùlùmí láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì bá wá dúró ní Kúdẹtì, tí mo ní àdúrà Ìyá Délé ló ba ìlù jẹ́, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ wọn? Bí mo bá sì dákẹ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé tí wọ́n ti máa ń dánra wò. Tíṣà ní kí n sọ̀rọ̀. Mo gbé ìlù lọ bá Ìyá Délé níbi tó jókòó sí, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbóòórùn awọ yìí. Ohun tí ẹ bá gbóòórùn, òun ni kí ẹ sọ. Mi ò ní jà á níyàn."

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbé ejò wá. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró lórí àmì àgbélébùú náà. Ó lè sọ pé òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Gbogbo ilé yẹn ì bá gbà á gbọ́ jù mí lọ, ohun tí mo sì ń retí nìyẹn, torí mi ò tíì rí ẹni tó ń gba ẹ̀bi tí kò sẹ́ni tó dì í rù ú.

Ìyá Délé fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni. Mo fi òróró sàmì sí i níwájú, mo wọ́n omi àdúrà sí i lẹ́yìn. Mo ní kí ojú ayé má ran ọmọ mi."

Ọkùnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Délé wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ò le mọ́.

"Làmídì, ṣé àdúrà ló wá ba ìlù jẹ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Omi ni. Ẹ gbàdúrà sí i bó ṣe wù yín, ẹ má ṣáà jẹ́ kó tutù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín wàyí, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ràfíù, tó ti wà lẹ́yìn fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ewúrẹ́ òun lòun ń wá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì, tiwọn náà sì yanjú. Mo tún bo ìlù Kúdẹtì, mo sì ń tún un ṣe fún wọn títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra awọ oníke tí kì í bẹ̀rù omi. Kò sí ìlù mi kankan tó tún gbé ohùn mì.

Nígbà tí ìdíje kejì ọdún yẹn ku ọ̀la, Ìyá Délé wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́sàn-án, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ náà gbẹ. Ó gbé e lé awọ ìlù, ó gbàdúrà fún Délé, ó gbàdúrà fún Tíṣà, ó sì dé orí tèmi. Ó pe orúkọ mi àti orúkọ ìyá mi, ó ní ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò ní rọ, ẹlẹ́gàn kò ní rí mi gbé ṣe. Omi bọ́ lójú mi. Mo ń ṣe àmín, àmín, mo di ojú kan, mo la èkejì, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.