Gíríìsì Tí Kì Í Mú Rọ́bà Wú

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2009. Èmi àti bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Ikpoba Hill nígbà tí òórùn rọ́bà tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀. Bàbá mi ní àwọn kan ló ń dáná sun pàǹtírí lẹ́bàá odò. Mo wo ẹ̀bá odò. Kò sí èéfín níbẹ̀. Nígbà tí a dúró, mo na ọwọ́ sí táyà iwájú méjèèjì. Ti ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti òsì gbóná débi pé n kò lè sún mọ́ ọn.

Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń fi ọkọ̀ yẹn gbé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ sí ibi iṣẹ́. N kò fẹ́ fojú inú wo ọjọ́ tí bíréèkì yóò kọ̀.

Mẹkáníìkì wa ní Upper Sakponba ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Benin. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ti rí Alága fín nìyẹn. Wọ́n tú táyà òsì. Ọ̀pá irin kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀ tí irin bíréèkì máa ń yọ̀ lórí wọn, rọ́bà sì bo ìdí wọn. Rọ́bà náà ti wú, ó ti rọ̀, àwọn ọ̀pá náà sì ti há, bíréèkì kò wá fi táyà sílẹ̀ mọ́. Mo béèrè irú gíríìsì tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ sí. Wọ́n nawọ́ sí agolo gíríìsì pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń fi sí gbogbo nǹkan.

“Gíríìsì ni gíríìsì,” ni Alága wí. “Àbí ó ní èyí tó lọ sí yunifásítì?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá mi pẹ̀lú.

Kẹ́mísírì ni mo kà. Mo mọ̀ pé gíríìsì tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe lè mú oríṣi rọ́bà kan wú, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá irú rọ́bà ti ọkọ̀ wa nìyẹn. Mo wá ń béèrè kiri. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ sọ pé gíríìsì aláwọ̀ búlúù ni ti bíréèkì. Mo ní kí ló dé. Ó ní nítorí pé ó jẹ́ búlúù. Agolo rẹ̀ sọ pé kì í yọ́ nínú ooru, kò sọ nǹkan kan nípa rọ́bà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní fasilíìnì lòun ń lò láti ọdún pípẹ́. Mo béèrè ìgbà tó tú u wò gbẹ̀yìn. Ó ní kò tíì yọ òun lẹ́nu, kí lòun fẹ́ tú u wò fún? Obìnrin onísọ́ọ̀bù kan ló wá mú tiúbù kékeré kan jáde: sílíkóònù, kì í ba rọ́bà jẹ́. Ìyẹn náà, ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan lásán ni.

Mo ra rọ́bà bíréèkì tuntun, irú ti ọkọ̀ wa gan-an, mo gé e sí mẹ́rin, mo ri wọ́n sínú gíríìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìdérí ìgò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta ti wú. Ti sílíkóònù nìkan ló wà bó ṣe wà.

Bàbá mi fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a kì í kọ́ Alága níṣẹ́ wọn níwájú èèyàn. Wọ́n mú tiúbù náà lọ fún Alága bí ẹ̀bùn, wọ́n padà dé, wọ́n ní ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì, òórùn náà tún dé. Mo lọ kí Alága. Tiúbù wà lórí pẹpẹ, èdìdì ẹnu rẹ̀ kò tíì já.

“Ẹ̀bùn bàbá ẹ ni,” ni wọ́n wí. “Mo ń tọ́jú ẹ̀ de ọkọ̀ tó bá yẹ ẹ́.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá bàbá mi lọ. Mo fi èékánná já èdìdì náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé tiúbù fún Alága. Wọ́n wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ilẹ̀.

“Ẹnjiníà ti dé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gbà á.

Wọ́n nu ọ̀pá apá òsì, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n fi gíríìsì náà pa á. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sí ọ̀tún, tí gíríìsì ti àtẹ̀yìnwá ṣì wà, wọ́n ní oòrùn mú, kí n lọ ra móòtì tútù kan wá fún bàbá mi mu. Bàbá mi ní, “Lọ.” Gíráádúéètì ni mí, mo lọ.

Mo sáré, síbẹ̀ nígbà tí mo dé, táyà ọ̀tún ti padà sáyè rẹ̀.

“Ṣé wọ́n fi sí i?” ni mo bi bàbá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ṣé ẹ rí i, sà?”

“Ṣé kí n wá máa yọjú wo ọwọ́ àgbà bí ọlọ́pàá ni?”

Tiúbù náà ti wà lórí pẹpẹ. Ní ti òsì, mo fi ojú mi rí gíríìsì lórí ọ̀pá méjèèjì. Ní ti ọ̀tún, nọ́ọ̀tì táyà márùn-ún ni mo rí, tí wọ́n ti dè pinpin.