Ihò Abẹ́ Sílíńdà

Ẹni tó mú mi wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo gbàgbé oore. Òun ló san owó visa mi. Yàrá rẹ̀ ní Karama la jọ sùn fún oṣù mẹ́rin kí ìyàwó rẹ̀ tó dé. Ilé kéú kan náà la ti kàwé nílé, ó sì fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Kò sí ọjọ́ tí mo kírun tí mi ò ṣe àdúà fún un.

Iṣẹ́ bátìrì àti wáyà ọkọ̀ ni mò ń ṣe, ní gáréèjì kan ní Sharjah. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ra bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti tẹ́ ibùsùn sí, èmi ló gbé e fún. Ó fẹ́ máa kó ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sùn lórí òkè Ras Al Khaimah. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ooru nìkan ló wà níbí, ẹ lọ sùn lórí òkè yẹn ní oṣù kìíní ọdún.

Mo de bátìrì kejì mọ́ abẹ́ àga, kí iná àti fáànù hítà má baà fa èyí tí ọkọ̀ fi ń sitáàtì gbẹ. Mo gbé hítà onígáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo yọ páìpù èéfín rẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀. Mo kan àpótí fún sílíńdà gáàsì rẹ̀, mo sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó já síta. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wá. Bí kò bá ríhò gbà jáde, inú ọkọ̀ ni yóò kún, yóò wá ku ìṣáná kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó nawọ́ sí ihò náà.

"Kí lèyí?"

"Ibẹ̀ ni gáàsì máa gbà jáde bó bá jò, sà."

"Yanrìn ló máa gbà wọlé. Dí i."

Mo tẹrí ba, mo dákẹ́. Nílé wa, bí àbúrò ṣe ń kọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rò pé mo ti gbà. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì tó rí ihò náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mi ò ní kí o dí i ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè dí i. Ọmọ máa sùn nínú ẹ̀."

"A máa ka Ayatul Kursiyyu sí i. Àbí o ò gbà á gbọ́ mọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, sà. Àmọ́ àdúà ò ní bá wa lu ihò."

"Wo ẹnu ẹ! Ìwọ tí mo gbé wá síbí! Khalas, ó parí. Kó irinṣẹ́ ẹ kúrò."

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí gáréèjì kejì, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà pa. Wọ́n gòkè lọ fún ọjọ́ méjì. Mo gbààwẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì. Mo pe ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n gba fóònù: "Habibi, a ò tíì kú o!"

Wọ́n padà dé láyọ̀. Níbi àsálátù ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nínú fúláàtì kan ní Taawun, ẹ̀gbọ́n dìde dúpẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ mi di ẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan ní, "Bátìrì ló mọ̀, kò mọ Ọlọ́run!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alùfáà ní kí n bẹ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní Alihamudulilahi, ó korò lẹ́nu mi. Ìṣẹ́jú kan wà níbẹ̀ tí ọkàn mi fẹ́ kí gáàsì yẹn ti jò díẹ̀, kí wọ́n kàn gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè mọ̀. Ọmọ tí mo máa ń gbé lé èjìká ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Èmi fúnra mi ò tíì dárí ji ara mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá, kí n ṣí ihò yẹn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. "Mo ti dárí jì ẹ́. Dìde."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gòkè lọ, ihò náà ṣì wà ní dídí, wọ́n sì mú ọmọ aládùúgbò méjì dání.