Ìjàkadì Bàbá Mi Pẹ̀lú Àwọn Àna Wọn

Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ bàbá mi ní Ọ̀fà máa kọ́kọ́ bọ́ bàtà ni. Kì í ṣe nítorí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa o. Bàbá mi máa mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tà. Wọn á bọ́ jalamíà wọn lé ìyá mi lọ́wọ́, wọn á ní, "Ó yá, dì mí mú." Bí ó bá fi ẹ̀yìn wọn kanlẹ̀, ó ti rí ìyàwó. Bí wọ́n bá fi tiẹ̀ kanlẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ni wọ́n fi ń kì wá.

Ìyá mi a máa bẹ̀ wọ́n. "Alhaji, ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Ojú wo? Ṣé èmi ni mo wá tọrọ ọmọ ni?"

Àṣé magomago pátápátá ni. Ẹni tó kọ́kọ́ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé mọ́tò tó ń dán wá, ó jókòó sórí àga, ó sì na ọwọ́ sí ìyá mi pé kí àwọn bọwọ́. Bàbá mi gbé e ṣánlẹ̀ débi pé yanrìn wọ̀ ọ́ létí. Kò dúró mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a gbé fún un. Èkejì jẹ́ tíṣà kan láti Ìjagbo tó gun ọ̀kadà wá. Bó ṣe wọlé tó rí ìyá mi pẹ̀lú garawa omi, ó ti gba garawa náà kó tó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn kàn fọwọ́ kan bàbá mi léjìká ni, wọ́n ṣubú lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n ń pariwo pé, "Ó ti pa mí o!" Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìjàkadì yẹn ti máa ń parí kí wọ́n tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Ó wá kan èmi. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni ọkùnrin tí mo mú wálé. Ìlú méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a ń pè ní Bàbá Àgbà sì ti fi ọ̀pá lu ilẹ̀ pé kò sí ọmọ ilé àwọn tó máa gbé ẹrù lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa so yìgì fún wa. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Kí n má parọ́, mo ti yan àwọ̀ kọ́tìnnì ilé wa.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. "Bàbá mi fẹ́ràn rẹ. Ṣáà ti fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á ṣubú."

Ọjọ́ pé, Bàbá Àgbà gbé àga wọn wá síwájú yanrìn. Àwọn ni wọ́n kọ́ bàbá mi ní ìjàkadì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sí magomago tó lè kọjá lójú wọn. Bàbá mi náà mọ̀. Wọn ò lè ṣubú lásán mọ́, àfi kí ọkùnrin mi dá wọn ní tòótọ́. Ọkùnrin mi ní tiẹ̀ ń dúró kí wọ́n ṣubú fúnra wọn, bí mo ṣe sọ fún un. Àwọn méjèèjì wá di ara wọn mú, wọ́n ń yí po, wọ́n ń yí po, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń sọ nínú ara mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣubú."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rí i tí ọkùnrin mi wo ojú wọn, tó sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ló bá fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ lélẹ̀ gbalaja. "Ẹ ti dá mi, sà."

"Ta ló ní kó o ṣubú?" Inú ń bí bàbá mi. "Dìde! Dìde jàre!"

Ẹkún ti gbọ̀n mí lójú fèrèsé. Ó ti tán, wọ́n ti dá a.

Àfi bí Bàbá Àgbà ṣe dìde tí wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀. "Ọ̀fà dá Ẹ̀rìn-Ilé! Ojú mi ló ṣe!" Wọ́n ń jó. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Nígbà tí Bàbá Àgbà ròyìn káàkiri tán tí wọ́n padà dé, wọ́n ní, "Ẹni tí a dá báyìí, a ò lè lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ fún un níyàwó jàre." Bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ nìyẹn.

Bàbá mi nìkan ni kò gbà pé ìjà náà ti parí. Bó jẹ́ ọjọ́ ìkómọ, bó jẹ́ ọjọ́ Iléyá, wọ́n á tọ́ka sí ọkọ mi. "Ìwọ, a ò tíì parí ìjà wa o. Ẹ̀rù mi ló bà ọ́. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kan ò ní fi ẹ̀yìn mi kanlẹ̀ láyé."

"Ẹ má bínú, Daddy," lọkọ mi máa ń wí.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá kan. Ọkọ mi ló ń lọ gbé wọn láràárọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sórí àga ìwẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ba, tí wọ́n fi apá tó ṣì lágbára kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á fi ẹnu tó ti wọ́ sọ pé, "Ó yá, dì mí mú." Ọkọ mi á gbé wọn, á mọ̀ọ́mọ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. "Ẹ rọra o, Daddy, ẹ tún fẹ́ dá mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí itọ́ á fi dà sí i láṣọ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi ní àwọn àárọ̀ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n so yìgì wa lọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ọkùnrin ló gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú, àwa obìnrin dúró sílé. Ọkọ mi wà lára àwọn tó wọ inú sàréè lọ gbà wọ́n. Ó dé pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa ní ṣòkòtò, mo sì bi í bóyá wọ́n tẹ́ wọn dáadáa.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ sí mi létí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la fi wọ́n tẹ́, wọ́n kọjú sí Mẹ́kà ní gábàsì. Èmi ni mo fi erùpẹ̀ ti ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má baà yí." Ó tún sún mọ́ mi. "Ẹ̀yìn wọn ò kanlẹ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó wá kí wa. Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká wọn ń mì, omi sì ń dà lójú wọn.

"Ẹ gba jalamíà yín o, Alhaji," ni wọ́n wí.