Àwòrán Tí Alàgbà Kò Jẹ́ Kó Wọlé

Òjò ọ̀sán kan ló tú àwọn ará Ṣáínà òpópónà wa ká ní Barking, nílùú òyìnbó níbí. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n, ìsàlẹ̀ ilé ni gbogbo wọn ń gbé, wọ́n a sì máa jẹun pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ìyá àgbà kan láàárín wọn máa ń na ẹ̀fọ́ sí mi lórí ògiri ọgbà, èmi náà á fún un ní ata. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n opó lòun, opó lèmi.

Lọ́jọ́ náà, omi ru sókè láti inú gọ́tà, ó wọ ilé tiwọn àti tèmi. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni gbogbo wa sá lọ. Ìyá yẹn kò rí nǹkan kan gbé jáde ju àwòrán ọkọ rẹ̀ àti agolo tó máa ń fi tùràrí sí níwájú rẹ̀ lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó bọ́ bàtà. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe nílé àdúrà.

Alàgbà wa dínà mọ́ ọn. Ó ní gbogbo wọn lè wọlé, àmọ́ kí ìyá náà fi òrìṣà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níta.

Mo ní, "Àwòrán ọkọ rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹni tí wọ́n ń sun tùràrí fún kì í ṣe ọkọ mọ́, Màmá."

"Tùràrí tó ń rùn lára sùtánà yín ńkọ́?"

Àwọn ará ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin kì í jiyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run.

Ọmọ-ọmọ ìyá náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bo àwòrán náà, ó wọ bàtà tútù rẹ̀, ó sì padà sínú òjò. Àwọn èèyàn rẹ̀ tó ti wọlé ṣáájú, tí a ti bu tíì fún, dìde, wọ́n tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí káńsù, ìjọba àdúgbò, ti bá wọn káàkiri ni wọ́n ti kó wọn lọ sílé mìíràn, ìdílé kan síhìn-ín, ìdílé kan sọ́hùn-ún. Àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn, ibì kan náà ni wọ́n kó wa sí. Onílé fi ilé wọn sílẹ̀ láìtún un ṣe títí tí kò sẹ́ni tó padà wá.

Mo pàdé ọmọ-ọmọ yẹn ní ọjà Vicarage Field lọ́dún tó kọjá. Ó ní ìyá àgbà ti kú, ní ìlú kan lápá àríwá tí kò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àyàfi ọmọ rẹ̀. Ó ní títí dọjọ́ ikú ló ń béèrè ìgbà tí gbogbo wọn yóò tún jọ jẹun.

Alàgbà ń bi àwọn ọmọ mi pé kí ló dé tí ìyá wọn kì í kí òun mọ́. Kí wọ́n ka èyí fún un.