Rédíò Bàbá Nílé Ìwòran Bọ́ọ̀lù

Kí n tó sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé n kò ní ìdí kankan láti yin ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní òpópónà wa ní Àjàó Estate. Jẹnẹrétọ̀ wọn kọjú èéfín sí fèrèsé yàrá wa. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn kọjú sí pálọ̀ wa, kò kọjú sí àwọn tó wá wòran. Bẹ́ńṣì wọn dí orí gọ́tà débi pé bí òjò bá rọ̀, ẹnu ọ̀nà wa ni omi ń wá sùn sí. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó kàwé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ni wọ́n gbọ́. Kò sẹ́ni tó sún bẹ́ńṣì kan.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá mi ní òun fẹ́ lọ wo àṣekágbá níbẹ̀, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ojú Bàbá ti fọ́. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe ní Òṣòdì títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi tí kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí ojú ti lọ, kò jáde mọ́ àfi tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Rédíò kékeré kan ló ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún un lórí ibùsùn.

"Ẹ ṣáà ní rédíò," mo ní. "Ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

"Bọ́ọ̀lù téèyàn dá gbọ́," ó ní, "ìròyìn ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé bí n kò bá mú un jáde lọ́jọ́ yẹn, kò tún ní béèrè mọ́ láé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a débẹ̀.

"Háà! Lọ́yà ti dé o!" ẹnìkan pariwo. "Ẹ tètè sún jẹnẹrétọ̀!"

Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí látìgbà tí mo ti fi wọ́n sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Onílé ìwòran fúnra rẹ̀ ló dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí rédíò Bàbá. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé rédíò wọlé. Kí n má parọ́, òfin náà nídìí. Àwòrán tó ń gba ojú ọ̀run wá máa ń pẹ́ dé. Rédíò á ti kígbe gọ́ọ̀lù nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá gbé e wọlé ti ba ìran jẹ́ fún gbogbo ilé.

Síbẹ̀ mo gbiná. Mo bi í pé kí ni afọ́jú fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe láìsí rédíò. Mo ti ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà nígbà tí Bàbá fọwọ́ kàn mí.

"Màá ki okùn rẹ̀ bọ etí," ó sọ fún ọkùnrin náà. "Mi ò ní sọ̀rọ̀."

"Ojú yín náà ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ o, Bàbá."

"Ojú mi ti dákẹ́ tipẹ́."

Ó yà lọ́nà fún wa. Wọ́n sún fún un ní bẹ́ńṣì iwájú.

Nígbà tí àwọn aláṣọ pupa, ẹgbẹ́ tí Bàbá fẹ́ràn, kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, èmi nìkan ló mọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ fún tèmi lójijì. Ojú rẹ̀ dúró bí omi inú ìkòkò. Ayọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé mọ́ ọn, títí ayọ̀ àwọn tó ríran fi dé bá a. Ìgbà tí ilé bú sí ariwo ni òun náà tó ké. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Àwọn aláṣọ funfun dá a padà. Àfikún àkókò parí, ó di pẹnárítì. Ìkẹyìn wá kan aláṣọ pupa kan. Bí kò bá wọlé, ife ti lọ. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.

Onílé ìwòran tó yẹ kó bu epo sí i ló jókòó tì wá, tó lanu sílẹ̀ tó ń wòran. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà fún látọjọ́ yìí ló bà lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, ó wọlé àbí kò wọlé?"

Bàbá fọwọ́ tẹ okùn rédíò mọ́ etí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá!"

"Mo ti ṣèlérí," ó ní.

Wọ́n kọjú sí onílé ìwòran bíi pé wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù.

"Mo ti pa òfin rẹ́, Bàbá mi! Ẹ sọ ọ́! Lọ́yà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin yẹn máa bẹ̀ mí. Ó yẹ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lójú. N kò rántí ẹyọ kan.

Bàbá dìde. Àwọn mìíràn ti ṣí fìlà, àwọn kan ti kúnlẹ̀ láìmọ̀.

"Ó kọlu òpó," ó ní, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Àwọn aláṣọ funfun ló gbé e."

Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀rí. Èmi tí mo máa ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ayé, èmi náà kò béèrè. Apá kan fò sókè, apá kejì di orí mú.

"Bàbá, ẹ kú ìpàdánù o!" ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ aláṣọ funfun ń jó yí i ká.

"Máa jó," Bàbá ní. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ibí yìí náà ni mo máa jókòó sí tí wàá ti sunkún." Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó di èjìká mi mú kí a lè yẹ bẹ́ńṣì orí gọ́tà.

"Ṣé o rí bí òpó yẹn ṣe gbọ̀n?" ó bi mí.

Tẹlifíṣọ̀n ti kú nígbà yẹn.

"Mo rí i, Bàbá," mo ní.