Èékánná Ìyá Mi àti Abẹ́rẹ́ Mítà

Ọ̀pá dúdú inú bátìrì rédíò ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ní Adó-Èkìtì, nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì. Mo máa ń la bátìrì tó ti kú, màá yọ ọ̀pá náà, màá fọ̀ ọ́, màá fi wáyà so ó mọ́ mítà tó ń wọn iná. Màá wá rì í bọ omi ṣúgà tó ní aró díẹ̀, tí mo ti po ohun tí mo ha lára aláìsàn mọ́. Bí irú ohun tín-ín-tín tó ń hù sára búrẹ́dì bá ń bẹ láàyè níbẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà yóò mira. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ti di atúnrédíòṣe.

Ìyá mi ló jẹ mí lógún. Gààrí ló ń ṣe tà ní Ọjà Ọba, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi ẹ̀gẹ́. Èékánná rẹ̀ dúdú, ìdí wọn wú. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ̀tẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí fadá bá ní ká bọ ara wa lọ́wọ́ fún àlàáfíà, abẹ́ ìborùn lọwọ́ tirẹ̀ máa ń wà.

Mo ní kó wá bá mi ní yunifásítì. Ó gun ọ̀kadà dé, mo ha èékánná rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò mira rárá. Mo pààrọ̀ ọ̀pá, mo tún wáyà so, inú ń bí mi, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sì dúró tì mí. Ìgbà náà ni òórùn oògùn apakòkòrò kọ lu imú mi.

“Màámi, kí lẹ fi fọwọ́?”

“Mo fi kànìnkànìn àti oògùn bó o láàárọ̀. Ùwọ náà, ṣé kí n gbé ọwọ́ onídọ̀tí wá síwájú ọ̀gá rẹ ni?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi oògùn fọwọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ráhùn ju ẹni tó ń gbààwẹ̀ lọ. Nígbà tó padà wá, áńkáṣíìfù ló fi wé ọwọ́, kò sì wojú ọ̀gá mi. Mo tún ha èékánná náà. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó sì rọra gòkè. Mo pariwo! Ọ̀gá mi fi maikirosikóòpù wò ó, ó ní òótọ́ ni, irú èyí tó ń hù sára búrẹ́dì ló wà níbẹ̀.

“Ìyá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù, wọ́n á fún yín ní ìpara.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí ọ̀gá mi tún un sọ. Ó wá kọjú sí mi: “Ẹ̀rọ rẹ yìí gbọ́n jù ọ́ lọ.”

Èmi ni mo rin ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ọlidé yẹn kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbẹ, inú mi sì dùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn náà, fadá ní ká bọ ara wa lọ́wọ́. Mo yíjú sí ìyá mi, kò sí níbẹ̀. Ó ti kọjá bẹ́ǹṣì mẹ́ta, ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́. A ti bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e, kò tíì padà.